Ìpè Tí Mo Fi Owó Àjọ Rà

Gàrí ni mò ń yan ní Aramọkọ-Èkìtì. Iṣẹ́ tí ìyá ọkọ mi fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní 2007 nìyẹn, òun náà ni mo ṣì ń ṣe dòní. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe pa á tì fún ọdún kan àbọ̀ nítorí ìpè, àti ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí obìnrin kan bá ka èyí kó tó kó owó jáde nínú ilé, mi ò kọ ọ́ lásán.

Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọwọ́ ni mo wà tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún mi. Mo mọ orin, mo ń ka Bíbélì, mo ń san ìdámẹ́wàá. Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: mo gbọ́ nípa Ọlọ́run ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí ẹni tó fẹ́ gba Jésù bọ́ síwájú, èmi náà á bọ́ síwájú. Mo bọ́ síwájú nílé, mo bọ́ síwájú ní Ìjerò, mo bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì ní Adó. Màá sunkún, màá padà sílé, tó bá di ọjọ́ kẹta ọkàn mi á tún gbẹ bí èèpo ẹ̀gẹ́ tí oòrùn pa. Mo gbà pé èmi ni mi ò tíì ṣe é tó. Ojú tí mo fi ń wo Ọlọ́run ni pé ó jókòó sókè àjà, àkàbà tèmi ni kò gùn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rí báyìí, kò ṣòro láti mú.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ dojú rú. Jáàkì tí a fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ara ọmọ mi kejì ò yá, gàrí wà nílẹ̀ tí ẹni tó máa rà á ò sí. Obìnrin kan ládùúgbò mú mi lọ sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. Wòlíì ibẹ̀ bi mí lórúkọ ìyá mi, ó dijú, ó ní: “Ìpè wà lọ́rùn rẹ. Láti inú ìyá rẹ ni. Bí o kò bá jẹ́ ẹ, ohun tí o ń rí yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni.” Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé fún mi: aṣọ funfun méjì, agogo, òróró ìgò méje, àbẹ́là, owó ilẹ̀ tí màá sùn fún ọjọ́ 21. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦45,000.

Ẹ̀rù bà mí. Àmọ́ kí n má parọ́, inú mi dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Ṣé Ọlọ́run mọ̀ mí rárá? Èmi tí mo ti ń kanlẹ̀kùn láti kékeré, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti dárúkọ mi lókè? Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa ní kékeré pé bí a bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ wa lóru tàbí lọ́sàn-án gangan, ká má tíì jẹ́. Ká kọ́kọ́ mọ ohùn ta ni. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ èyí. Jésù náà sì sọ pé àwọn àgùntàn òun mọ ohùn òun, wọn kì í tẹ̀lé ohùn àlejò. Mo mọ ẹsẹ̀ Bíbélì yẹn sórí. Mi ò fi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ohùn tó ní bí o kò bá jẹ́ mi, màá bà ọ́ láyé jẹ́, ìbáṣe pé mo bi í léèrè pé ta ni ọ́.

Ibi tí mo ti rí owó ni ọ̀rọ̀ wà. Èmi ni olórí àjọ àwa obìnrin méjìlá, ₦5,000 lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Oṣù yẹn, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kàn láti kó ₦60,000. Nígbà tó dé, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé àwọn méjì kan kò tíì san. Irọ́ ni. Gbogbo wọn ti san. Ìdí àpótí aṣọ mi ni owó náà wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn kí mi kú iṣẹ́, wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n lọ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé Ọlọ́run tó pè mí á san án padà ní ìlọ́po. Mo fi ₦45,000 ṣe ohun tó wà nínú ìwé, mo ná ìyókù sórí oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ni mo tó sọ fún ọkọ mi. Ó béèrè ibi tí owó ti wá, mo ní mo ti ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú 21 yẹn, orí òkè la wà, ààwẹ̀ gbígbẹ, kò sí omi. Mo ti ka ìtàn Sámúẹ́lì, mo mọ̀ pé òru ni wọ́n pè é, torí náà mi ò sùn. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Mo ń fetí sílẹ̀. Ìrẹ̀ ló ń ké, jẹnẹrétọ̀ ilé kan sì ń dún nísàlẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ilẹ̀ mọ́, wòlíì kó wa jọ, ó ní kí kálukú sọ ohun tó rí. Ẹnì kan rí ẹṣin funfun. Ẹnì kan rí ìtẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo rí ọwọ́ kan tó na ìdì kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mi ò rí nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ yàrá mi ni mo so mọ́ etí ìró, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n lu agogo, wọ́n kígbe Halelúyà, wọ́n da òróró sí mi lórí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Àdúrà.

Ó sú mi nínú nígbà tí wọ́n ń kọrin. Ẹni tó bá ti purọ́ ìran rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Látìgbà yẹn, mi ò lè gbàdúrà ní èmi nìkan mọ́, torí ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Iwájú èèyàn nìkan ni ẹnu mi ti ń yọ.

Mo gba yàrá onípákó kan, mo gbé agogo síbẹ̀. Èèyàn mẹ́fà wá, ó di mẹ́ta, ó di èmi àti ọmọ mi àgbà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, ó ní kí n yéé fi ebi pa ara mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹran ara ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bì, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ni wọ́n sáré gbé mi lọ sí Adó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbẹ́ inú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ààwẹ̀ gbígbẹ, ẹ sọ pé ara yín ò gbà á. Kò ní kí Ọlọ́run má gbọ́ yín.

Ibi tí mo sùn sí nílé ìwòsàn ni mo ti gbọ́ pé ọmọ ìyá eléèlùbọ́ kò jókòó ìdánwò àṣejáde lọ́dún yẹn. Owó àjọ náà ni ìyá rẹ̀ fẹ́ fi san án. Ọmọ náà ń bá wọn gbé bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó ń dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mo kọjú sí ògiri.

Mo padà sí abà gàrí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Ìyá ọkọ mi ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀nà ulé ò dí,” wọ́n sì gbé ọ̀bẹ fún mi kí n máa bó ẹ̀gẹ́. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mi ò gbàdúrà mọ́. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nìyí, torí gbogbo ọdún tí mo fi ń wá Ọlọ́run pẹ̀lú ariwo, mi ò rí i. Ọdún tí mo jáwọ́ ni ó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Igi tutù, èéfín bo gbogbo abà. Gàrí kì í gbà kéèyàn dúró. Bí ọwọ́ bá kúrò báyìí, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á ṣì tutù. Èéfín wọ ojú mi, ọwọ́ mi lọ gba etí agbada, awọ rẹ̀ bó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ju ààbọ̀ igbá tí mo fi ń rò ó sílẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un, ọwọ́ kan ti gbé e. Mo wò, ìyá eléèlùbọ́ ni. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń yà sí ẹ̀yìn ilé bí mo bá rí wọn lọ́nà. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, lọ fi omi sí ọwọ́ rẹ.” Wọ́n jókòó sórí àpótí mi, wọ́n ń ro gàrí.

Mo fi omi sí ọwọ́, mo padà dé, mi ò mọ ibi tí màá wò. Wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ wá o. Ìjà ni mo ti ń bá ọ jà lọ́kàn. Ọjọ́ kẹta rèé tó jẹ́ pé bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà àárọ̀, ojú rẹ ni mò ń rí. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n gbàgbé rẹ. Kò gbà.” Wọ́n gbọn etí agbada. “Ẹ bá mi ṣáná sí i, ó ti ń kú.” Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá á mọ ìyàtọ̀: ẹni tí mo jí owó rẹ̀, tó tún dàgbà jù mí lọ, ló fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ nínú abà mi.

Kò sí iná tó bọ́ láti ọ̀run. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo rí ohun tí mo ṣe, gbogbo rẹ̀, owó, irọ́, ọmọ tó ń ru bíríkì, kọ́kọ́rọ́ tí mo so mọ́ ìró, ẹ̀rù kò sì bà mí láti wò ó, torí ẹni tó yẹ kó lé mi lọ ti jókòó tì mí. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mo kàn rí i pé mò ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí mò ń bá sọ ọ́. Mo sunkún títí gàrí agbada yẹn fi gbẹ. Mo sọ òtítọ́ owó náà fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́.

Nígbà tí mo tún ṣí Bíbélì, orí kẹsàn-án Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ni mo kọ́kọ́ wá. Ojú Sọ́ọ̀lù la máa ń fi ka ìtàn yẹn, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn. Ẹsẹ̀ Ananáyà, ọmọ ẹ̀yìn tí Olúwa rán sí Sọ́ọ̀lù, ni mo tẹ̀lé lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ̀rù, ó sọ fún Olúwa pé òun ti gbọ́ ibi tí ọkùnrin yìí ṣe. Olúwa ní kó lọ. Nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni “Arákùnrin.” Kò gba owó ilẹ̀. Kò halẹ̀. Sọ́ọ̀lù sì wà lójú ọ̀nà láti lọ mú àwọn èèyàn Jésù nígbà tí Jésù mú òun fúnra rẹ̀. Kò sí ààwẹ̀ kan tó gbà kí wọ́n lè pè é. Lídíà tó ń ta aṣọ elésè-àlùkò ní Fílípì náà ńkọ́? Oníṣòwò bíi tèmi. Olúwa ló ṣí ọkàn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ. Òun kọ́ ló ṣí i.

Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC àtijọ́, ni wòlíì ilé àdúrà yẹn fi ń dẹ́rù bà wá. Ó ní ṣé a rò pé ilé ni wọ́n jókòó sí tí agbára fi dé. Àwa ará ibí mọ ìtàn yẹn dáadáa, torí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò jìnnà sí wa. Kéèyàn gba Ìtáwurẹ́ lásán ni. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin bàbá sí ní 1959. Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1928, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ni bàbá yìí ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀rọ náà dákú lójijì, wọ́n sì gbọ́ ohùn tó pe orúkọ wọn. Ẹnu iṣẹ́ ni ìpè ti bá wọn. Ààwẹ̀ àti òkè tí à ń sọ, ẹ̀yìn ìpè ló wá. Èmi gbé ti ẹ̀yìn síwájú.

Kódà, ta ló ránṣẹ́ sí ìgbàgbọ́ pé kó wá sí Èkìtì? Ogun ló kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn àti ibòmíràn. Nígbà tí ọ̀nà là lẹ́yìn ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà, àwọn kan nínú wọn padà wálé, ìyìn rere sì wà lẹ́nu wọn. Mi ò gbọ́ pé ìlú kankan gbààwẹ̀ fún un. Àwọn tí a ti sunkún pé wọ́n sọnù ni Ọlọ́run fi wá wa wá.

Mo san owó náà. ₦4,000 lóṣù, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo àwọn alájọ, wọ́n gba ìwé àjọ lọ́wọ́ mi. Àwọn mẹ́ta kò tíì kí mi dòní, mi ò sì bá wọn wí. Ọkọ mi pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ọdún méjì gan-an. Ọmọ ìyá eléèlùbọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún kejì, àmọ́ ọdún kan ni mo jẹ lára ayé rẹ̀, mi ò lè san ìyẹn padà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn má gbàdúrà mọ́, kí àwọn jókòó máa wo Ọlọ́run. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí Ìkọ̀gòsì pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ lọ́dún kan. Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná yẹn, mo jókòó sórí òkúta, mo ń wò ó. Èmi tí mo mọ iye igi tó ń jó kí agbada kan tó gbóná! Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ná sábẹ́ omi yẹn. Ó ń jáde bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀, ó ń jáde nígbà tí mo kúrò. Àmọ́ èmi ni mo wọ mọ́tò lọ, èmi ni mo bọ́ bàtà. Báyìí ni mo ṣe ń gbàdúrà nísinsìnyí. Mo ṣì ń gbààwẹ̀ pàápàá, mo ń fẹnu kan ẹ̀kọ lọ́sàn-án nítorí inú mi.

Ìpè ńkọ́? Ọdún méjì ni mo fi wà láìgbọ́ nǹkan kan, mi ò sì bínú. Mo ń yan gàrí. Àwọn obìnrin máa ń yà sí abà, wọ́n á ní àwọn wá ra kóńgò méjì, wọ́n á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kan jẹ gbèsè. Ọ̀kan ti bímọ tó kú. Mo ń gbọ́, mo ń ro gàrí, nígbà míì a ó gbàdúrà. Ní 2018, pásítọ̀ wa àti àwọn àgbà ìjọ pè mí. Àyà mi já. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó àjọ ló tún hù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n máa bójú tó àwọn obìnrin tó ń múra ìrìbọmi. Mo ní mi ò yẹ, mo ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún wọn. Pásítọ̀ ní, “A mọ̀. Àwa kọ́ la fi ọ́ síbẹ̀. A kàn rí i pé o ti wà níbẹ̀ ni.” Wọ́n ka ibi tí Ẹ̀mí Mímọ́ ti ní kí ìjọ Áńtíókù ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí òun ti pè wọ́n sí. Ó ti pè wọ́n kí ìjọ tó gbọ́. Wọ́n ní kí n lọ bá ọkọ mi sọ ọ́, kí n gba oṣù mẹ́ta rò ó, kí n má sì fi gàrí sílẹ̀. Wọn ò ní kí n mú kọ́bọ̀ wá.

Nígbà ìkórè tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá bá mi láti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó yọ ìwé kan nínú àpò: aṣọ funfun, òróró, àbẹ́là, owó ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ọmọ inú òun ò ní gbé bí òun kò bá jẹ́ ìpè náà. Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mi ò rí i. Mo gbé ọ̀bẹ kan fún un, a bó ẹ̀gẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo sọ ti owó àjọ fún un, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó dìde, ó gbàgbé ìwé yẹn sórí àpótí, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, mi ò mọ̀. Ó wọ ọkọ̀ ní ìdíkọ̀, wọ́n gbé e gba Ìtáwurẹ́ lọ. Mi ò tíì rí i láti ìgbà náà. Mò ń dárúkọ rẹ̀ ní àràárọ̀.